Bí Olórí Ọ̀dọ́ Ṣe Gba Iwájú Ìwé Mọ́ Miracle Lọ́wọ́

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa ọkùnrin yìí, ẹ jẹ́ kí n pè é bó ṣe fẹ́ kí wọ́n máa pe òun, torí ó lè wà nítòsí: Olóyè Ẹnjiníà Bánjọ Oyèkọ́lá, Olórí Ọ̀dọ́ Gbogboogbò, Ẹgbẹ́ Ìfẹ́ṣọ̀kan Ọmọ Yorùbá ní Manchester, Salford àti Agbègbè Wọn. Bí ẹ bá fo "àti Agbègbè Wọn," á na ọwọ́ sókè, á dá yín dúró, ẹ ó sì tún un pè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti wà lórí oyè ọ̀dọ́. Nígbà tó gorí oyè, òfin ẹgbẹ́ sọ pé ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́ta ti kúrò lọ́dọ̀ọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí òun náà pé e, wọ́n tún òfin ṣe, ó di àádọ́ta. Nígbà tí àádọ́ta náà ń bọ̀, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di ọgọ́ta. Àwọn àgbà wá ta kú pé àwọn ò ní fọwọ́ kan òfin náà mọ́ láé. Olóyè bá wá ọgbọ́n mìíràn dá: ó fi òfin sílẹ̀, ó dá ọjọ́ orí tirẹ̀ dúró. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án báyìí tó ti ń jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí ọkùnrin tó fẹ́ràn iyì báyìí ò fẹ́ lọ jókòó láàárín àwọn àgbà. Àga ló fà á. Nínú ìgbìmọ̀ àgbà ẹgbẹ́ yìí, ẹni tó bá dé kẹ́yìn ni àbúrò gbogbo wọn. Òun ló ń to àga ṣáájú ìpàdé, òun ló ń po tíì, òun ló ń gba báàgì lọ́wọ́ àwọn màmá nídìí mọ́tò. Kọ́kọ́rọ́ yàrá àga á wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ẹlòmíràn á fi dé. Ẹni tó dé kẹ́yìn ni Bàbá Ayọ̀fẹ́mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti kọ̀ fún un. Ọdún keje rèé tó ti ń gbé àga. Ní gbogbo ìpàdé ló máa ń wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ẹnì kan á ṣèèṣì pé ọgọ́ta ọdún.

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀wẹ̀, ọba ni Olóyè. Bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ ń lò ní Salford, Ṣùbòmí akọ̀wé ọ̀dọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, á kígbe pé, "Ẹ dìde! Ìran tó ń bọ̀ ń wọlé o!" Gbogbo ọ̀dọ́ á dìde, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹni mẹ́ta péré ni kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nínú wọn, ìdí ògiri lẹ́yìn pátápátá ni wọ́n sì ń jókòó sí.

Wúrà wà lára àwọn mẹ́ta yìí. Ọmọ ogún ọdún ni, Old Trafford ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ tó ń kọ́ ní yunifásítì sì ni bí wọ́n ṣe ń to ìwé àti àwòrán kó lè fa ojú mọ́ra. Òun ló ní kí ẹgbẹ́ ṣe ìwé ìròyìn orin kan fún àwọn ọmọ wa tó ń dàgbà ní ìlú yìí, àwọn tó ń gbọ́ Yorùbá nílé, tí wọ́n ń sọ ti Manchester níta, tí wọn kì í rí ojú ara wọn nínú ìwé orin kankan. Ó pe ìwé náà ní RÓ. Kò kàn jókòó sílé kó máa yà á o. Ó mú ìbéèrè lọ sí ibùdó tíráàmù àti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ó bi ọgọ́ta ọmọ léèrè: àwọ̀ wo ló ń dá yín dúró, ta lẹ fẹ́ rí, kí ló lè mú kí ẹ ju ìwé sílẹ̀? Ọ̀kan nínú wọn kọ èsì pé, "No old man pointing at stuff." Wúrà fi ínkì pupa fa ìlà sábẹ́ ìyẹn.

Miracle ló fi síwájú ìwé. Ọmọ Salford ni Miracle, ọdún mọ́kàndínlógún, ó ń ta búrẹ́dì láàárọ̀, ó ń kọrin ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ọmọ ilé ìwé tí orin rẹ̀ ò sí lórí fóònù rẹ̀. Wúrà ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn àti fúláwà búrẹ́dì lẹ́rẹ̀kẹ́, tó ń wo ẹni tó ń wò ó lójú. Ó fi àwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà lórí gbogbo rẹ̀ ò sì ju mẹ́rin lọ. Mo fojú ara mi rí i. Ó dára débi tó dùn mí pé mi ò lè padà di ọmọ ogún ọdún.

Jasmine, obìnrin tó ń ṣàkóso ilé ìkàwé kékeré kan ní Old Trafford, rí i, ó sì ṣèlérí fún Wúrà. Ó ní kó kó ọgọ́rùn-ún ìwé wá lọ́jọ́ Saturday, kó gbé e sórí tábìlì ní agogo méjìlá. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá kó o tán kó tó di agogo mẹ́rin, yàrá òkè ilé ìkàwé di ti Wúrà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ṣe ìwé wọn ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bí kò bá tán, àwọn ìyá àgbà kan tó ń hun ṣúwẹ́tà ti ń dúró de yàrá yẹn láti ọdún tó kọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ẹni tí mò ń sọ ìtàn rẹ̀ ò fi í sọ́kàn rárá.

Orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lórí ìwé, nítorí náà Olóyè gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Wúrà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un níwájú gbogbo ọ̀dọ́. Olóyè gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Ta nìyí?"

"Miracle ni sà. Singer ni."

"Ipò wo ló dì mú nínú ẹgbẹ́?"

"Kò sí nínú exco sà."

Olóyè yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Kò sí nínú exco. Ẹni tí kò sí nínú exco ló wà níwájú ìwé ẹgbẹ́. Ẹ dá mi lóhùn: ta ló ń represent àwọn ọ̀dọ́ ní gbogbo Greater Manchester?"

"Ẹ̀yin ni sà!"

"Mi ò gbọ́!"

"Ẹ̀yin ni sààà!"

"Wúrà, wọ́n ní o ṣe survey. Ta lo bi léèrè?"

"Young people sà. Sixty of them."

"Youth President wà láàyè, ó ń mí, o wá lọ ń bi ọmọ ọlọ́mọ léèrè ní tram stop?"

"Ẹ má bínú sà. Àwọn tó máa kà á ni mo—"

"Èmi ni ọ̀dọ́!" Olóyè lu àyà, ẹ̀wù rẹ̀ sì mì. "Every morning, when I stand before the mirror, I am consulting the youth. Mo bi wọ́n léèrè láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn ò mọ Miracle."

Àtẹ́wọ́ rọ̀ bí òjò Manchester, ìyẹn ni pé kò dá. Ṣùbòmí yọ hánkáṣíìfù, ó nu ojú. Wúrà ní, "Yes sà," torí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn.

Ẹ gbọ́ àṣẹ tí Olóyè pa lọ́jọ́ náà. Ó ní kí fọ́tò òun gba iwájú ìwé, nínú agbádá aláwọ̀ wúrà, kí òun na ìka sí ọjọ́ iwájú. Kí ó lè hàn pé ìwé ọ̀dọ́ ni, kí wọ́n gbé hẹdifóònù kọ́ òun lọ́rùn, kí òun sì wọ awò dúdú. Kí gbogbo exco yí òun ká, olúkúlùkù nínú àmì róbótó bí ẹyin, bí ipò ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀yin náà mọ irú ìwé tó ń sọ, ó wà lára ògiri ilé yín: ojú ọ̀gá ràgàjì láàárín, igbákejì lọ́tùn-ún, akápò lósì, àwọn tó ti jẹ oyè rí ní ìsàlẹ̀, January dé December wá há sí igun kan tí ojú èèyàn ò lè kà. Ìwé orin ni wọ́n pe Olóyè sí, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í pé níbo ni kí Miracle wà, ó ronú gidi, ó ní wọ́n lè fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà fóònù akọ̀wé, bí sítáǹbù lẹ́tà ṣe máa ń tóbi tó.

Lẹ́yìn ojú ìwé mẹ́rin tó gbà fún Ọ̀rọ̀ Ìkíni Káàbọ̀ Olórí Ọ̀dọ́, ó ku ojú ìwé kan tí kò tíì gbà, èyí tí wọ́n pè ní Ìbéèrè Mẹ́wàá. Miracle ni wọ́n ṣe é fún. Olóyè ní kí wọ́n bi òun. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ń pè é, Wúrà ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè kẹrin ni pé: àwo orin wo lo kọ́kọ́ fi owó ara rẹ rà?

"Kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa," ni Olóyè wí. "Ọdún 1979 ni, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo wà ní Form Five, èmi ni social prefect. Àwo yẹn ni gbogbo school fi jó títí principal fi wá bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí àwọn ọmọ lọ sùn."

Ìka Wúrà dúró lórí kọ̀ǹpútà. "Sà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ká fi year yẹn síbẹ̀?"

"Fi síbẹ̀! Kí wọ́n mọ̀ pé mo ti wà nínú music kí wọ́n tó bí bàbá wọn. Bold it!"

Wúrà sọ ọ́ di dúdú kirikiri bí ọ̀gá ṣe wí. Ẹlẹ́rìí ni mí pé ọmọ náà kìlọ̀ fún un.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ramsbottom, níbi tí Mùíz ti ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó gbé ìwé Olóyè kalẹ̀, ó gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Bọ̀dá Mùíz, kò sí ọmọ kankan tó máa mú eléyìí. Yàrá yẹn ti lọ. It's gone."

Mùíz wo ìwé méjèèjì títí. "Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé ìwé ò gbọ́dọ̀ ní iwájú méjì?"

"Rárá. Wọ́n ní kí iwájú jẹ́ tàwọn."

"Iwájú máa jẹ́ tiwọn. Tí èèyàn bá wá yí ìwé sódì, iwájú mìíràn ló máa bá, tìrẹ nìyẹn. Àwọn méjèèjì á pàdé láàárín. Ṣùgbọ́n fi hàn wọ́n o, má purọ́."

Wúrà ò purọ́. Ó gbé ìwé náà lọ fún Olóyè ní odindi, ó sì ní, "Sà, ó ní apá kejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yí i wò." Olóyè gbé rúlà lé iwájú ìwé, ó ń wọn orí ara rẹ̀ wò mọ́ orí igbákejì rẹ̀. Nígbà tó rí i pé tòun fi ìka mẹ́ta jù ú lọ, ó mí kanlẹ̀, ó fọwọ́ síwèé. "Apá kejì," ó wí, "wà fún àwọn tó bá ní time."

Ọjọ́ Saturday pé. Olóyè wọ agbádá aláwọ̀ wúrà wá sílé ìkàwé, hẹdifóònù wà lọ́rùn rẹ̀, wáyà rẹ̀ ń fì káàkiri, kò so mọ́ nǹkan kan. Ó ti ránṣẹ́ pe gbogbo ìgbìmọ̀ àgbà kí wọ́n wá wo ògo òun. Bàbá Ayọ̀fẹ́mi ló to àga fún wọn, ó ń tiro. Ọgọ́rùn-ún ìwé wà lórí tábìlì, ọgọ́rùn-ún Olóyè na ìka sí òrùlé. Ó fi Ṣùbòmí ṣọ́ tábìlì, pé kí ojú òun má ṣe dojú bolẹ̀ rárá. Wúrà bá yí ọ̀kan padà, Ṣùbòmí yí i sípò. Wúrà tún yí òmíràn, Ṣùbòmí wò ó lójú, ó sì yí ìyẹn náà sípò.

Àwọn ọmọ ń rọ́ wọlé láti inú òjò. Wọ́n á dé ìdí tábìlì, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọmọbìnrin kan bi Jasmine léèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Miss, has he died?" Ó rò pé ìwé ètò ìsìnkú ni. Èmi ò bá a wí.

Olóyè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní agogo kan. "Fellow young people! Nígbà tí ìtàn bá jókòó láti kọ ìtàn ara rẹ̀, tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀dọ́, pẹ́ẹ̀nì á bọ́ lọ́wọ́ ìtàn, ìtàn á ní, 'Ẹ pe Oyèkọ́lá wá!'" Nígbà tí agogo méjì lù, ìtàn ṣì ń wá pẹ́ẹ̀nì. Ní agogo mẹ́ta, ìwé méje ló ti kúrò lórí tábìlì. Àwọn exco ló mú mẹ́fà, kálukú ń wá ẹyin tí orí rẹ̀ wà. Màmá Olúbùsọ́lá, akọ̀wé àwọn àgbà, ló mú ìkeje. Wúrà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń wo yàrá òkè bí ẹni tó ń dágbére.

Màmá Olúbùsọ́lá ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ọ̀gá ilé ìwé ni ní Ìjẹ̀bú kó tó tẹ̀ lé ọmọ wá síbí. Kì í wo àwòrán, ó máa ń kàwé ni. Ó ti ka Ọ̀rọ̀ Ìkíni Káàbọ̀ tán, ó fi ìka tẹ ìbéèrè kẹrin. Ó na ọwọ́ sókè.

"Bánjọ, dákẹ́ díẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

Olóyè rẹ́rìn-ín músẹ́. "Fifty-four, Mummy."

"Lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"

"Fifty-four, Mummy."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sọ ọ́ di ikọ́. Màmá dìde. "2025 la wà. Fifty-four, 1971 ni wọ́n bí ẹ nìyẹn. O wá kọ ọ́ síbí pé o wà ní Form Five ní 1979. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni social prefect."

"Mummy, mo brilliant gan-an ni."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní Ìjẹ̀bú. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́jọ kankan ní Form Five. O ò ra àwo kankan, Bánjọ. Irọ́ lo pa."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní ó gbà pé irọ́ ni, ì bá ti bọ́. Ì bá ní òun ṣàwàdà ni, a ó rẹ́rìn-ín, oyè á wà lórí rẹ̀. Ṣùbòmí ń mi orí sí i, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà. Ṣùgbọ́n kí Olóyè jẹ́ kí wọ́n gba àwo yẹn lọ́wọ́ òun níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn, kò lè ṣe é.

"Mo rà á!" ó kígbe. "Mummy, Ọlọ́run gbọ́, mo rà á! Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, apá mi yìí ni mo fi gbé e délé!"

Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Bàbá Ayọ̀fẹ́mi ló kọ́kọ́ ṣe é tán. Ó fò dìde, orúnkún tó kọ̀ fún un lọ́dún méje gbà fún un lọ́jọ́ náà.

"Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni! Praise the Lord!"

"Hallelujah!" ni gbogbo àgbà dáhùn.

Màmá gbé ìwé náà sókè gbagada, ó ń ka ìbéèrè kẹrin fún àwọn tí kò gbọ́. Bó ṣe gbé e sókè tó là á, èèpo ìwé méjèèjì dojú kọ àwọn ọmọ: Olóyè nínú agbádá lápá kan, Miracle lápá kejì, tó dorí kodò, fúláwà lẹ́rẹ̀kẹ́, tó ń wò wọ́n lójú. Gbogbo ọmọ inú ilé yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà.

"Hang on. Is that Miracle?"

Wọ́n ya bo tábìlì. Ṣùbòmí fi ara dínà fún ojú Olóyè fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó sá sẹ́yìn láti dáàbò bo ara tirẹ̀. Nígbà tí agogo mẹ́ta ààbọ̀ máa fi lù, kò sí ìwé kankan lórí tábìlì mọ́. Ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ ìsìnkú mú mẹ́rin. Jasmine mú bírò, ó lọ kọ orúkọ Wúrà sára ilẹ̀kùn yàrá òkè, Wúrà sì jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ayọ̀fẹ́mi ò dúró de ìpàdé tó ń bọ̀. Ó tiro lọ bá Olóyè níbi tó dúró sí pẹ̀lú wáyà rẹ̀, ó la àtẹ́lẹwọ́ Olóyè, ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá àga síbẹ̀, ó sì pa ìka rẹ̀ dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú Bàbá ń dán bíi tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó.

Wọ́n ti tún òfin ọ̀dọ́ ṣe báyìí, ó ti já wálẹ̀ sí ọgbọ̀n ọdún. Iwájú ni Wúrà ń jókòó sí. Ṣùbòmí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ọ́, wọn ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ àgbà, wọ́n kàn ń dúró láàárín gbọ̀ngàn. Ṣùbòmí ni yóò kọ́kọ́ pé ọgọ́ta nínú wọn, òun ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bánjọ. Ó ku ọdún mẹ́rìnlá. Mo sì ti gbọ́ pé Ṣùbòmí pinnu láti máa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta lọ.

Ní Sunday tó kọjá, mo yọjú sí ìpàdé àwọn àgbà. Bánjọ wà níbẹ̀, ó ká apá agbádá sókè, ó gbé àga mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, àga yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì wó lulẹ̀ gbàlà-gbòlò. Bàbá kan tó ń tòògbé ta jí, ó ní irú ìwà wo nìyẹn.

"Ẹ má bínú sí i," ni Màmá Olúbùsọ́lá wí, láì gbé ojú kúrò nínú ìwé tó ń kà. "Ọ̀dọ́ ni."